Septimius Severus: Ọmọ Líbíà tó gbé òrìṣà ilé rẹ̀ sórí owó Róòmù

Ẹni tí a ó kà nípa rẹ̀ lónìí kì í ṣe Yorùbá, kò sì dé ilẹ̀ wa rí. Apá àríwá Áfíríkà ni wọ́n ti bí i, ó di olú-ọba Róòmù, ó sì kú sí ìlú York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 211. Orúkọ rẹ̀ ni Septimius Severus. Ohun tó jẹ́ kí n yàn án fún yín ni pé ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ yín ló wà nílẹ̀ tirẹ̀ náà: èdè kan nílé, èdè mìíràn níta. Ohun tó ṣe sí ọ̀ràn náà, àti ohun tí kò ṣe, hàn lára àwọn owó idẹ tó ṣì wà títí dòní.

Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ di ọ̀rọ̀ mẹ́ta mú. Idẹ ni irin tó ń dán bíi wúrà. Bàbà àti síǹkì ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ kó tó di idẹ. Òǹtẹ̀ ni àmì tí a gbẹ́ sára irin líle kí a lè tẹ̀ ẹ́ sára nǹkan mìíràn. Olú-ọba ni ọba tó ń jọba lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ọba.

Ilé tí wọ́n ti bí i

Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 145 ni wọ́n bí Severus ní Leptis Magna, ìlú etí òkun kan ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Líbíà lónìí. Àwọn ará Fòníṣíà, oníṣòwò orí omi tí wọ́n wá láti apá Lẹ́bánónì, ló tẹ ìlú náà dó. Èdè Púníìkì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Òun náà ni èdè ìlú Kátééjì, tí Róòmù pa run ní ọdún 146 ṣáájú ìbí Kristi. Òróró ólífì ló sọ Leptis di ìlú ọlọ́rọ̀, ìdílé Severus sì wà lára àwọn tó rí jájẹ. Kí ó tó dàgbà, àwọn ìbátan bàbá rẹ̀ ti wọ Ìgbìmọ̀ Àgbà, ìyẹn àwọn aṣòfin Róòmù.

Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú kí wọ́n tó bí i, akéwì Róòmù kan tó ń jẹ́ Statius kọ ewì fún ọkùnrin ará Leptis kan tí òun náà ń jẹ́ Septimius Severus. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé bàbá bàbá olú-ọba ni. Akéwì náà yìn ín pé kò sí ohùn Púníìkì lẹ́nu rẹ̀, ìmúra rẹ̀ kò sì jọ ti àjèjì. Ẹ kíyè sí i pé oríyìn ni wọ́n ka ìyẹn sí. Láyé ìgbà náà, bí ọmọ Áfíríkà bá fẹ́ kí wọ́n kà á kún ènìyàn pàtàkì ní Róòmù, ohùn ilé gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ti ọmọ-ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀. Severus kọ́ èdè Látìnì àti èdè Gíríìkì, ó sì gbọ́ wọn. Síbẹ̀ àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ohùn Áfíríkà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Wọ́n tún sọ pé nígbà tó wà lọ́mọdé, eré adájọ́ ló máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe: òun á jókòó, àwọn yòókù á dúró yí i ká bíi pé ẹjọ́ ni wọ́n gbé wá. Cassius Dio, tó mọ̀ ọ́n lójúkojú, kọ ọ́ pé ènìyàn kúkúrú tó lágbára ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ìwé sì wù ú ju ìwọ̀n tó rí kà lọ.

Òrìṣà méjì ni àwọn ará Leptis gbé ga ju gbogbo òrìṣà yòókù lọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Shadrafa, èkejì ń jẹ́ Milkashtart. Nígbà tí agbára Róòmù dé, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní orúkọ Látìnì: Shadrafa di Liber Pater, òrìṣà èso àjàrà àti wáìnì, tí àwọn mìíràn ń pè ní Bacchus. Milkashtart di Hercules, akọni tó fi ọwọ́ lásán pa kìnnìún. Kí wọ́n tó bí Severus, Leptis ti rọ owó idẹ tirẹ̀ rí. Àwòrán òrìṣà méjèèjì wà lára rẹ̀, lẹ́tà Púníìkì ni wọ́n sì fi kọ orúkọ ìlú sí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. A máa padà síbẹ̀.

Ọ̀nà tó gbé e dórí oyè

Severus lọ sí Róòmù nígbà ọ̀dọ́, ó wọ Ìgbìmọ̀ Àgbà, ó sì ń gba ipò kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ṣiṣẹ́ ní Sípéènì, ní Áfíríkà, ní Síríà àti ní Faransé. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Paccia Marciana, kú. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ Julia Domna, ọmọ ìlú Emesa ní Síríà, ìlú tí à ń pè ní Homs lónìí. Àwòrò òrìṣà oòrùn ni bàbá Julia. Obìnrin náà gbọ́n, ó sì fẹ́ràn àwọn onímọ̀. Ó bí ọmọkùnrin méjì fún un: Caracalla ní ọdún 188, àti Geta ní ọdún 189. Ilé tí bàbá ti Líbíà wá, tí ìyá ti Síríà wá, tí àwọn ọmọ sì dàgbà lábẹ́ èdè Látìnì. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 193, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin pa olú-ọba Pertinax. Wọ́n wá ta oyè náà fún ẹni tó fowó lé e jù, bí ìgbà tí wọ́n ń ta ọjà ní gbàǹjo. Ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Didius Julianus ló rà á. Severus ni gómìnà ní Carnuntum nígbà náà, nítòsí Vienna lórílẹ̀-èdè Austria òde òní. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kéde rẹ̀ ní olú-ọba, ó sì kó wọn gba ọ̀nà Róòmù lọ. Kó tó wọ ìlú, Ìgbìmọ̀ Àgbà ti ní kí wọ́n pa Julianus. Severus lé gbogbo ẹ̀ṣọ́ ààfin náà dànù, ó fi ọmọ ogun tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Àwọn méjì mìíràn ṣì wà tí wọ́n ń wojú oyè náà. Ó ṣẹ́gun Pescennius Niger ní ìlà-oòrùn ní ọdún 194. Ó kọ́kọ́ fi oyè kékeré tu Clodius Albinus, gómìnà ilẹ̀ Bìrìtéènì, lójú. Nígbà tó yá, ó dojú ogun kọ ọ́, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀ nítòsí Lyon ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 197. Lẹ́yìn ogun yìí, ó ní kí wọ́n pa 29 nínú àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ Àgbà. Èmi kò ní fi èyí pamọ́ fún yín: ìkà wà lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé rẹ̀ nítorí pé ọmọ Áfíríkà ni.

Òrìṣà ilé lórí owó ọjà

Láyé ìgbà náà, kò sí ìwé ìròyìn, kò sí rédíò. Báwo ni ẹni tó ń ta ẹja ní Faransé, tàbí ọmọ ogun tó wà ní Síríà, ṣe máa mọ ẹni tó wà lórí oyè? Owó ló ń sọ fún un. Bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ nìyí: oníṣẹ́ ọnà á gbẹ́ òǹtẹ̀ méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Wọ́n á fi idẹ roboto sáàárín òǹtẹ̀ méjèèjì, wọ́n á sì fi òòlù lù ú. Orí olú-ọba á hàn níwájú, òrìṣà tàbí ohun mìíràn á hàn lẹ́yìn.

Owó idẹ tó tóbi jù ni sestertius. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ó sì lè wúwo tó gíráàmù 25. Mẹ́rin rẹ̀ ló ń jẹ́ denarius kan, ìyẹn owó fàdákà. Èyí tó kéré sí i ni dupondius, tí méjì rẹ̀ jẹ́ sestertius kan, àti as, tí wọ́n fi bàbà rọ, tí mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ sestertius kan. Lẹ́tà S àti C wà lára ọ̀pọ̀ wọn láti fi hàn pé Ìgbìmọ̀ Àgbà fọwọ́ sí i. Owó wúrà kì í sábà dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Owó idẹ àti ti bàbà ni wọ́n fi ń ra búrẹ́dì. Ẹni tí kò lè ka ìwé kankan á ṣì mọ àwòrán.

Ní ọdún 194, nígbà tí ogun kò tíì parí, ohun kan hàn lẹ́yìn sestertius Severus: ọkùnrin méjì tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan di kùmọ̀ mú, awọ kìnnìún sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì di ife àti ọ̀pá mú, ẹkùn sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Hercules àti Liber ni wọn, òrìṣà ìlú Leptis. Ọ̀rọ̀ Látìnì tó wà lára owó náà pè wọ́n ní òrìṣà tó ń ṣọ́nà fún olú-ọba. Bí òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ ṣe dé ọjà Róòmù nìyẹn.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn ni owó idẹ mìíràn jáde tó gbé Áfíríkà fúnra rẹ̀ yọ. Obìnrin ni wọ́n yà á sí: awọ orí erin ló fi ṣe fìlà, ṣírí ọkà kún ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, kìnnìún sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwòrán náà ní ìtumọ̀ fún ará Róòmù, nítorí pé láti Áfíríkà ni púpọ̀ nínú ọkà tí wọ́n ń jẹ ti ń wá. Julia Domna náà ní owó tirẹ̀. Lára idẹ rẹ̀, ẹ ó rí Cybele, ìyá àwọn òrìṣà, tó jókòó láàárín kìnnìún. Nígbà tó yá, owó mìíràn jáde nítorí oore tí olú-ọba ṣe fún Kátééjì. Òrìṣà obìnrin ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní Caelestis, ló gun kìnnìún lára rẹ̀, omi sì ń tú jáde láti inú àpáta lẹ́yìn rẹ̀. Ìlú tí Róòmù ti dáná sun nígbà kan ni òrìṣà rẹ̀ tún ń gun kìnnìún lórí owó Róòmù yìí.

Arábìnrin tó wá kí i

Ìtàn kan wà tí wọ́n kọ sílẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn ikú Severus. Ó ní arábìnrin rẹ̀ gbéra láti Leptis wá kí i ní Róòmù. Obìnrin náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Látìnì. Nígbà tó lanu sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ènìyàn ńlá, ojú ti olú-ọba gidigidi. Ó fi ẹ̀bùn kún ọwọ́ rẹ̀, ó fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ipò ọlá, ó sì ní kó máa lọ sílé.

Ẹ fi ìtàn yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọdún 194. Ọkùnrin tó gbé òrìṣà Leptis sọ́wọ́ gbogbo ayé kò lè fara da ohùn Leptis lẹ́nu ọmọ ìyá rẹ̀. Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Shadrafa ti wọ aṣọ Róòmù, ó ti gba orúkọ Róòmù, òrìṣà orí owó kì í sì í lanu sọ̀rọ̀. Arábìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Èdè ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ènìyàn ní ààfin, Severus alára sì mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ ohùn òun.

Ó ṣe ilé lóore púpọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 202 sí 203 ó wà ní Áfíríkà. Ó kọ́ ọjà ńlá tuntun, gbọ̀ngàn gíga àti èbúté tó gbòòrò sí Leptis. Lára òpó gbọ̀ngàn náà, wọ́n gbẹ́ iṣẹ́ akin Hercules àti èso àjàrà Liber sínú òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkọlé rẹ̀: Látìnì ni. Lára ilé ìran tí àwọn ará Leptis kọ́ ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú, wọ́n kọ Látìnì, wọ́n sì kọ Púníìkì pẹ̀lú rẹ̀. Severus, tó lágbára ju ọmọ Leptis èyíkéyìí lọ, kò dá Púníìkì padà sára ògiri, kò sì dá a padà sára owó.

Ní ọdún 204 ó ṣe Ọdún Ńlá Róòmù, ayẹyẹ tí wọ́n ní ó yẹ kí ènìyàn rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Igba ó lé ogún ọdún ti kọjá lẹ́yìn tí olú-ọba Augustus ṣe tirẹ̀. Hercules àti Liber tún hàn lára owó ayẹyẹ náà. Severus kọ́ tẹ́ńpìlì ràgàjì fún àwọn méjèèjì ní Róòmù, Dio sì bínú pé owó tó ná lé e pọ̀ jù. Owó ogun náà pọ̀: Severus fi kún owó oṣù àwọn ọmọ ogun, ó sì gbà wọ́n láyè láti gbéyàwó. Kí owó lè tó ná, ó ń po irin mìíràn mọ́ owó fàdákà títí ojúlówó fàdákà inú rẹ̀ fi kù sí nǹkan bí ìdajì.

Ikú ní York

Ní ọdún 208, Severus kó ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ méjèèjì àti ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wá sí Bìrìtéènì. Ó fẹ́ ṣẹ́gun àwọn ẹ̀yà tó wà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Skọ́tílándì lónìí. Ó tún fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nínú fàájì Róòmù, nítorí wọn kò rẹ́ rárá. Oríkèé ẹsẹ̀ ń ro ó débi pé orí àga ni wọ́n máa ń fi gbé e rìn. Irà àti igbó pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rẹ̀. Síbẹ̀ owó idẹ kéde ìṣẹ́gun: obìnrin abìyẹ́ méjì, tí wọ́n ń jẹ́ Victoria, ń gbé asà kọ́ sára igi ọ̀pẹ, ẹrú ogun méjì sì jókòó nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tí owó náà ní wọ́n ti ṣẹ́gun kò bọ́ sọ́wọ́ Róòmù pátápátá rí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo owó àtijọ́, ẹ máa rántí pé ẹni tó rọ ọ́ ló ń sọ tẹnu rẹ̀.

Ó kú ní York ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 211. Ìmọ̀ràn tó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni pé kí wọ́n wà ní ìrẹ́pọ̀, kí wọ́n máa fún ọmọ ogun lówó, kí wọ́n má sì ka ẹlòmíràn sí. Wọ́n sun òkú rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gbé eérú rẹ̀ lọ sí Róòmù. Eérú náà kò dé Leptis. Wọ́n kéde pé ó ti di òrìṣà. Ní báyìí, òun alára ló wà lẹ́yìn owó: iná ìsìnkú tí wọ́n tò ní ìpele-ìpele wà lára àwọn idẹ kan, ẹyẹ idì sì wà lára àwọn owó mìíràn.

Ìrẹ́pọ̀ tó bẹ̀ wọ́n fún kò pé ọdún kan. Kí ọdún 211 tó parí, Caracalla ní kí wọ́n pa Geta, ní apá ìyá wọn. Ó ní kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo. Ní Stratonicea, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, owó idẹ kan wà tó gbé ojú àwọn méjèèjì yọ ní ìdojúkọ ara wọn. Ẹnì kan ti fi nǹkan ha ojú Geta kúrò. Ibi tí ojú rẹ̀ wà ti di òfìfo, Caracalla nìkan ló kù tó ń wo òfìfo náà.

Ohun tó kù

Àwọn tó wà ní Bìrìtéènì lè rí owó Severus ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Virginia Water, nítòsí Windsor, òpó òkúta wà tí wọ́n kó láti Leptis ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Òrìṣà wà lára idẹ, òpó wà nínú pápá. Èdè Púníìkì ńkọ́? Ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn Severus, bíṣọ́ọ̀bù Augustine ṣì ń wá àlùfáà tó gbọ́ ọ fún àwọn ará abúlé ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́yìn náà, ó pòórá. Kò sí ilé kankan lónìí tí ìyá ti ń fi í pe ọmọ wá jẹun.

Mi ò sọ pé kí ẹ má ra aṣọ òkè, tàbí kí ẹ má gbé ère ìbejì sí pálọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán lè wà láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, èdè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n màmá yín bá wá láti ilé, tí ohùn rẹ̀ sì ròkè nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ dá a lóhùn ní Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbólóhùn kan péré lẹ lè sọ. Ohun tí Severus kò lè ṣe fún arábìnrin rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí ní Yorùbá:

1. Orúkọ wo ni àwọn ará Leptis ń pe Liber àti Hercules ní èdè tiwọn?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín idẹ àti bàbà?
3. Kí ló dé tí ojú fi ti Severus nígbà tí arábìnrin rẹ̀ wá? Ṣé ó tọ̀nà lójú yín? Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún.
4. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yan àwòrán kan láti inú ìdílé yín sórí owó, èwo lẹ máa yàn, èdè wo lẹ sì máa kọ sí i?